Jogbo Tí Kò Yọ Òdòdó

Victoire Adékàńbí ti ìka bọ inú òfìfo àpò ajílẹ̀, ó fi ra ìdí rẹ̀ dáadáa, ó sì ki ìka náà bọ ẹnu.

"Chef!" Géraud ta gìrì. "Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

Victoire tutọ́ sílẹ̀, ó tún tutọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀ bíi tọmọ tí wọ́n fún lágbo mu. Kò rí adùn iyọ̀ kankan lẹ́nu. Ajílẹ̀ òyìnbó a sì máa jọ iyọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti fọ́n ọn sóko rí, tó wá gbàgbé tó fi ọwọ́ kan náà nu ètè, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú àpò yìí korò ju ewúro tí wọn ò fọ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ó pẹ́ tí àpò yìí ti gbé ajílẹ̀ kẹ́yìn."

Ọ̀gá ọlọ́pàá ni Victoire ní Ifangni, nílẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń pe ọ̀gá ní Chef. Géraud, ọlọ́pàá tó ń bá a ṣiṣẹ́, fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, òun náà sì fi ipò ju Géraud lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi ń pe ara wọn ní "ẹ" láti àárọ̀ dalẹ́.

Òfìfo àpò ajílẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n bá lẹ́yìn àká Falilatou, ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní abúlé Lagbé, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àpò ajílẹ̀ mọ́kànlá ló pòórá nínú ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́ náà. Lójú àwọn ará Lagbé, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Wọn ò tilẹ̀ nílò àpò kí wọ́n tó dá ẹjọ́ náà. Tòmátì obìnrin náà ti tó ẹ̀rí. Lórí gbogbo ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ pín fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ewé tòmátì àwọn yòókù pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí aláìsàn ibà, àmọ́ ti Falilatou dúdú minimini, èso rẹ̀ sì ń fa igi rẹ̀ wálẹ̀.

"Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun," ni Ìyá Odile wí. Òun ni olórí ẹgbẹ́, opó ẹni ọgọ́ta ọdún, àgbélébùú fàdákà lọ́rùn rẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Ó kàn jẹ́ irú obìnrin tó fẹ́ kí ayé mọ́ bí àgbàlá rẹ̀ ṣe mọ́ ni. "Òfin ẹgbẹ́ ò rújú, Ọ̀gá. Ẹni tó bá jalè, ilẹ̀ tá a pín fún un àti ohun tó wà lórí ẹ̀ ti di ti ẹgbẹ́. Ọ̀la la máa pàdé."

Falilatou jókòó sórí àpótí, ó ká ọwọ́ jọ sórí itan. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ìbòrí rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ọwọ́ àwọn ìyá tó ń ta òfìfo àpò ní Igolo ni mo ti rà á," ó ní. "Mi ò jí nǹkan ẹnì kankan."

"Kí lẹ wá ń kó sínú ẹ̀, Màmá?"

"Nǹkan mi ni."

"Nǹkan wo?"

"Nǹkan tí mi ò jí."

Victoire wò ó títí. Ó ti rí olè tó ń sunkún, ó ti rí olè tó ń búra. Kò tíì rí olè tó jókòó jẹ́ẹ́ báyìí, tí ìtìjú sì tún bo ojú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ohun kan wà tí obìnrin yìí bẹ̀rù ju kí wọ́n pè é lólè lọ.

*

Anicet ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń ya lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó bi í.

"Ìgbà wo lo fojú kan àpò mọ́kànlá yẹn kẹ́yìn?" Victoire bi í.

"Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Chef. Gbogbo ẹ̀ pé. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo ṣílẹ̀kùn, kò sí mọ́. Òkè ni wọ́n gbà wọlé. Ẹ wo páànù."

Victoire gbójú sókè. Lóòótọ́ ni páànù kan ti ṣí kúrò níbi tí wọ́n kàn án mọ́. Ẹnì kan ti ki àwọn àpò funfun bọ ihò náà.

"Ta ló dí i?"

"Èmi ni. Nítorí òjò."

"Òjò ọjọ́ wo? Láti ọjọ́ Ajé, ṣé òjò ti rọ̀ ní Lagbé ni?"

"Non, Chef. Nítorí òjò tó bá máa rọ̀ ni."

Victoire wo ara ògiri. Omi ti fa ilà pupa láti òkè títí délẹ̀, èébu sì ti hu sí ẹsẹ̀ ògiri. Ilé tó ń jò pọ̀ ní Lagbé, ilé jíjò ò sì ní kí olè má gba òrùlé wọlé.

"Àpò àádọ́ta kílò," ó ní, "obìnrin kan ló gbé mọ́kànlá gba òkè yẹn jáde?"

"Kò dá a ṣe. Honoré, ọlọ́kadà Igolo yẹn, ló ń fi máṣín gbé e fún un. Wọ́n rí wọn, àpò rẹpẹtẹ, láàárọ̀ kùtùkùtù!"

Géraud dé láti ẹ̀yìn ilé níbi tó ti lọ tọ̀, ó ń so bẹ́líìtì rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ orúkọ Honoré, ojú rẹ̀ dán. Ó fẹ́ràn ẹjọ́ tí ẹni tí wọ́n máa mú bá ní orúkọ àti àdírẹ́sì.

*

Abẹ́ àtíbàbà kan ní Igolo létí bodè ni wọ́n ti bá Honoré, láàárín àwọn tó ń ṣẹ́ owó àtàwọn alábàárù tó ń pariwo ẹrù Idiroko. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí alùpùpù rẹ̀ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀dì ni.

Géraud fi ìgbọ̀nwọ́ gún Victoire. "Ẹ wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹ̀! Abẹ́rẹ́ olóko ló kún ibẹ̀ yẹn. Ó ti gba inú igbó kó ẹrù olè."

"Gbogbo ẹni tó bá ń rìn lẹ́bàá igbó lósù yìí ló ń ru abẹ́rẹ́ olóko kiri, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo ṣòkòtò tiyín."

Géraud bojú wolẹ̀. Abẹ́rẹ́ olóko to lọ rẹrẹ láti kókósẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

"Mo gbé e," Honoré wí lójú ẹsẹ̀. "Bon, kí ni mo fẹ́ pa irọ́ fún? Ìparí oṣù kẹjọ la bẹ̀rẹ̀, a ò sì jáwọ́ títí oṣù kẹsàn-án fi parí. Láti ìgbà yẹn, kò pè mí mọ́."

"Kò pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Rárá o."

"Láti ilé ìkẹ́rùsí Lagbé lẹ ti ń gbé e?"

"Ilé ìkẹ́rùsí kẹ̀? Ojú ọ̀nà Banigbé ni. Á ti kó àpò jọ sẹ́bàá ọ̀nà dè mí."

"Àpò mélòó lẹ́ẹ̀kan?"

"Márùn-ún. Òun náà á sì gun orí ẹ̀."

Géraud fò sókè. "Márùn-ún! Igba kílò ó lé àádọ́ta!"

Ẹ̀rín pa Honoré. "Bàbá, ó fúyẹ́ bí ìrọ̀rí. Òórùn ẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu. Kí n tó dé Lagbé, ọ̀nà ọ̀fun mi á ti korò gbáú."

Victoire tún rántí ìka tó ki bọ ẹnu láàárọ̀. Ó fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yọ, ó nà án sí Géraud.

"A ń lọ sí Banigbé," ó ní.

*

Oṣù kọkànlá ni oṣù jogbo. Ọ̀tún, òsì, òdòdó rẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà Banigbé, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí pupa ẹyin. Kì í wá inú igbó dúdú, nítorí òòrùn ló fẹ́. Ibi tí ọmọ ènìyàn bá ti da ilẹ̀ láàmú tó sì fi sílẹ̀ lọ ló ń kọ́lé sí: etí ọ̀nà, ahoro, oko tí olóko rẹ̀ ti sá lọ sí Èkó. Ó ga ju ènìyàn lọ, igi rẹ̀ le, àmọ́ orí rẹ̀ rọ̀ tí kò bá tíì yọ òdòdó. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a máa já òdòdó rẹ̀ sétí, àwọn àgbẹ̀ a sì máa ṣépè fún un.

Victoire ní kí Géraud dúró. Ó já ewé jogbo kan, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu, ojú rẹ̀ tún fún pọ̀.

"Òun ni," ó ní. "Òun ló wà nínú àpò."

"Jogbo? Ta ló ń gbé igbó wọlé?"

"Ẹ máa wà á lọ, jẹ́jẹ́."

Wọ́n rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lójijì, Victoire fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀ pé kó dúró.

"Kí lẹ rí?" Géraud bi í.

"Ohun tí mi ò rí ni."

Lápá òsì, òdòdó náà dá wáí, bí ẹni fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ. Jogbo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ga ju orúnkún lọ, ewé tútù nìkan ló sì wà lórí rẹ̀. Victoire bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àdá ti gé gbogbo igi rẹ̀ lọ́nà kan náà, ẹ̀ka tuntun mẹ́ta mẹ́rin sì ti sọ láti ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gé e ti gé e kó tó múra àtiyọ òdòdó, nígbà tó ṣì rọ̀.

Nígbà tó gbójú sókè, ó rí àgbélébùú. Itẹ́ òkú àwọn Onígbàgbọ́ ni. Ìyá tó bí i wà níbẹ̀, ní ìlà kejì.

Lọ́jọ́ Toussaint, ọjọ́ tí kálukú ń wá tọ́jú ibojì ẹni tirẹ̀, Victoire gbé àdá wá síbí, ó sì bá ibojì ìyá rẹ̀ ní mímọ́. Ó rò pé Jósẹ́fù àbúrò òun ní Cotonou ló rán ènìyàn. Ó pè é, ó dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Jósẹ́fù wúkọ́, ó ní, "Ìyá wa ni, kí la fẹ́ ṣe?"

Ó tún pe Jósẹ́fù báyìí.

"Jósẹ́fù, ta lo rán kó wá gé jogbo ní ibojì màmá?"

Jósẹ́fù tún wúkọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi... mo fẹ́ rán ènìyàn o. Mo fẹ́ rán an. Nígbà tẹ́ ẹ wá ń dúpẹ́, ojú tì mí láti sọ pé èmi kọ́."

Victoire pa fóònù. Inú bí i, ẹ̀rín sì tún ń pa á. Ó rántí ọjọ́ náà dáadáa: gbogbo ẹbí tó wá ló bá ibojì wọn ní mímọ́, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn, kò sì sẹ́ni tó béèrè ohunkóhun. Ẹni tó bá béèrè ti jẹ́wọ́ nìyẹn pé òun kọ́ ló tọ́jú òkú òun.

*

"Màmá," Victoire wí nígbà tí wọ́n padà dé Lagbé, tó ku òun àti Falilatou nìkan nínú yàrá, "itẹ́ òkú tó wà lọ́nà Banigbé."

Falilatou sáré ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ má pariwo, Ọ̀gá. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Ọkọ mi ló gé jogbo dà sí igun oko nígbà kan, kó tó kú. Ó jẹrà síbẹ̀. Ata tí mo gbìn síbẹ̀ lọ́dún kejì, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí. Látìgbà yẹn ni mo ti ń gé e, tí mo ń dà á sábẹ́ ilẹ̀ kí n tó gbìn. Ti etí ọ̀nà, ewúrẹ́ àti eruku ti bà á jẹ́. Ti ibẹ̀ yẹn ló rọ̀, ló pọ̀, ẹnì kan kì í débẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, mi ò mọ àdúrà wọn. Mo kàn máa ń kí wọn ni. Mo máa ń ní, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gé ti orí yín. Lẹ́yìn náà ni mo máa gé e."

Victoire fojú inú rí ìyá rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, tí ẹni tí kò mọ̀ rí ń kí i lárààárọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń parọ́ fún ara wọn lórí fóònù.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́?"

"Ta ló máa ra tòmátì tó jẹ ewé orí òkú, Ọ̀gá? Sadatou ọmọ mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àjàṣẹ́. Tòmátì yìí ló gbé e débẹ̀. Tí wọ́n bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo lè wá ilẹ̀ míì. Tí wọ́n bá kórìíra ohun tí mo gbìn, kò sí ibi tí mo fẹ́ gbé e lọ."

"Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi," Victoire wí.

Ìgbà tó jáde ló tó mọ ohun tí òun ṣe. Ó ti mọ̀ pé obìnrin náà ò jalè, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ dí ọ̀nà tó fẹ́ gbà sọ ọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kó rí ajílẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àpò ajílẹ̀ mọ́kànlá kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sẹ́ni tó rí ẹni tó gbé e. Tí kò bá lọ síbì kankan ńkọ́? Ibi tí ajílẹ̀ bá dà sí, ewéko ibẹ̀ á yàtọ̀."

Géraud họ orí. "Yàtọ̀ báwo? Bíi ti jogbo ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí?"

Victoire dúró gbọnin. "Kí ló ṣe jogbo ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí?"

"Níbi tí mo ti lọ tọ̀. Ó ga dé òrùlé, ó dúdú bí aró, kò sì yọ òdòdó kan ṣoṣo. Mo rò pé àìrí òòrùn ló fà á."

"Òòrùn ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ rántí dáadáa."

Géraud ronú. "Òòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ mi lórí, Chef."

*

Nígbà tí ẹgbẹ́ pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Victoire ò jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí ló kó wọn lọ, Anicet wà lẹ́yìn pátápátá.

Jogbo ibẹ̀ dúró bí ògiri. Victoire fi àdá la ọ̀nà sínú rẹ̀. Ní àárín, ilẹ̀ ti kú. Gbogbo ohun tó hù síbẹ̀ ti jó gbẹ láìrí iná, nǹkan funfun sì ti dì mọ́ ojú ilẹ̀. Victoire ṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó fi kan ahọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, Géraud ò pariwo.

"Iyọ̀," Victoire wí. "Ajílẹ̀ yín rèé. Ibi tó pọ̀ jù, ó jó jogbo pa. Ibi tó kàn dé etí, jogbo jẹ àjẹyó. Gbogbo jogbo Ifangni ló ti yọ òdòdó, àfi èyí. Oúnjẹ ti pọ̀ jù fún un, ewé ló ń yọ, kò ráyè òdòdó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti da ajílẹ̀ jù sídìí ata rí, ẹ mọ̀ ọ́n."

Àwọn obìnrin mélòó kan mi orí.

"Anicet, o ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá gbogbo àpò pé. Ṣé láti ọjọ́ Ẹtì ni jogbo yìí ti ga tó báyìí?"

Géraud ti gun àkàbà, ó ń fa àwọn àpò tó dí ihò òrùlé sílẹ̀. Wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èrò sì ń kà wọ́n sókè. Nígbà tí wọ́n ka mọ́kànlá, Anicet jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Òjò ló wọlé sí i," ó ní. "Oṣù kẹsàn-án. Ó di ẹrẹ̀, lẹ́yìn náà ó di òkúta. Ẹ ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n tún páànù ṣe, Ìyá Odile, mo ń sọ pé ọ̀la. Mo dà á síbí. Nígbà tẹ́ ẹ wá béèrè ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mo ní wọ́n jí i. Àmọ́ mi ò dárúkọ ẹnì kankan lọ́jọ́ náà o. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dárúkọ Falilatou."

Kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Ìyá Odile wo ilẹ̀.

Okùnrin kan láàárín èrò ló béèrè ohun tí gbogbo wọn ń rò. "Kí ló wá wà nínú àpò tiẹ̀?"

"Ìyẹn ò sí nínú ẹjọ́ mi," Victoire wí. "Ẹjọ́ tèmi ti parí."

Falilatou lè dákẹ́ níbẹ̀. Victoire tilẹ̀ fojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà wo nǹkan funfun tó wà nílẹ̀, ó tún wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ewé tòmátì wọn ń pọ́n lóko.

"Ajílẹ̀ ti bàjẹ́," ó ní. "Òmíràn ò ní dé kí òjò tó ń bọ̀ tó rọ̀. Kí lẹ fẹ́ fi gbìn?" Ó gbé ohùn sókè. "Jogbo ni mo ń dà sílẹ̀. Itẹ́ òkú ọ̀nà Banigbé ni mo ti ń gé e."

Ariwo sọ. "Ewé òkú!" ẹnì kan ké. Obìnrin kan tutọ́ sílẹ̀, òmíràn ká apá lérí. Falilatou dúró sójú kan.

Ìyá Odile ló gbé ọwọ́ sókè. Ó rìn lọ bá Falilatou.

"Ibojì kan wà níbẹ̀," ó ní jẹ́jẹ́, "wọ́n kùn ún ní ọ̀dà búlúù."

"Èyí tó wà lábẹ́ igi ọsàn? Àgbélébùú ẹ̀ ti dùbúlẹ̀. Mo gbé e dúró, mo fi òkúta há a."

Ibojì ọkọ Ìyá Odile nìyẹn. Lọ́jọ́ Toussaint, ó ti gbóríyìn fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó níwájú gbogbo ìjọ, pé wọ́n rántí bàbá wọn. Ní báyìí ó mọ ẹni tó rántí rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ó yí padà, ó mú ọ̀nà oko pọ̀n, gbogbo ẹgbẹ́ sì rọ́ tẹ̀lé e. Nígbà tó dé ìdí tòmátì Falilatou, ó já èyí tó pọ́n jù, ó fi etí ìró nù ún, ó gé e jẹ lójú gbogbo wọn. Omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, tèèpotèèpo.

"Falilatou," ó ní, "ọjọ́ wo lo máa kọ́ wa?"